Bali àti pàǹtí etí òkun ẹ̀: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Àwọn tó rí fọ́tò Bali lórí Instagram ń bi mí, àwọn tó rí fídíò pàǹtí tó bo etí òkun Kuta níbẹ̀ náà ń bi mí. Àwọn ti àkọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀, àwọn ìkejì ń bèèrè pé kí ni àwọn fẹ́ lọ náwó sí lórí ààtàn. Mo ti kó èyí tí wọ́n ń bèèrè jù síbí kí ọwọ́ mi lè sinmi, kálukú kó wá èyí tó kàn án.

Ṣé orílẹ̀-èdè ni Bali ni, àbí kí ni?

Rárá o, erékùṣù kan ni lára Indonéṣíà, ìlú Indomie (bẹ́ẹ̀ ni, Indomie tí à ń sè fún àwọn ọmọ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá). Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Indonéṣíà, ṣùgbọ́n ní Bali, ẹlẹ́sìn Híńdù ló pọ̀ jù. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 4, àwọn àlejò láti òkè òkun tó wọ ibẹ̀ ní 2024 nìkan sì lé ní mílíọ̀nù 6, a ò tíì ka àwọn ọmọ Indonéṣíà tó wá gbafẹ́ o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀. Ẹ́pọ́ọ̀tù wọn wà ní gúúsù, ibẹ̀ náà ni hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí jù: Kuta, Legian, Seminyak, Canggu, Uluwatu, Nusa Dua, Sanur. Àárín ilẹ̀ ni Ubud wà, kò sí òkun níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba hòtẹ́ẹ̀lì ní Ubud tẹ́ ẹ tún wá ń wá òkun kiri, ẹ pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni etí òkun ẹ̀ dọ̀tí bí wọ́n ṣe fi hàn nínú fídíò yẹn?

Òótọ́ ni fídíò yẹn, òótọ́ náà ni fọ́tò yẹn, etí òkun kan náà sì ni, oṣù tí wọ́n yà wọ́n ni ò jọra. Láti bíi oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta ni òjò máa ń rọ̀ ní Bali, tí òjò ńlá bá sì ti dá, ọ̀gbàrá á gbá gbogbo ohun tó wà nínú gọ́tà, ẹ̀yìnkùlé àti ààtàn ẹ̀bá odò wọ inú odò, odò á gbé e dé òkun, òkun náà ò ní gbà á torí pé láti ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn àkókò yẹn ti ń fẹ́ wá, á bá dá gbogbo ẹ̀ padà sórí iyanrìn Kuta, Legian àti Seminyak tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn gan-an. Erékùṣù Java tó múlé tì wọ́n náà máa ń fi tiẹ̀ kún un. Ìparí 2017 ló burú débi pé ìjọba ìbílẹ̀ kéde pàjáwìrì, etí òkun tó gùn tó kìlómítà 6 láti Jimbaran dé Seminyak, òṣìṣẹ́ 700 àti ọkọ̀ akópàǹtí 35 ni wọ́n kó síta, bíi tọ́ọ̀nù 100 ni wọ́n ń kó lójúmọ́ nígbà tó le jù.

Tẹ́ ẹ bá dé Kuta ní bíi aago mẹ́fà àárọ̀ nínú oṣù kìíní, ẹ máa bá katakátá níbẹ̀ tó ń wọ́ òkìtì pàǹtí jọ. Ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ wò ó dáadáa: igi tí odò fà tu, ọparun, èèpo àgbọn, sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo, ife rọ́bà, ọ̀rá kọfí ẹlẹ́ẹ̀kan, ọ̀rá ọṣẹ ìfọrun, ìdérí ìgò tí ò lóǹkà. Kó tó di aago mẹ́sàn-án wọ́n ti kó o lọ, wọ́n ti to àga àti agboòrùn, àlejò dé, ó ń ya fọ́tò. Tí ìgbì bá tún wọlé nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ẹ lè rìn lórí iyanrìn kan náà kẹ́ ẹ má rí ju ọ̀rá kan méjì lọ.

Àwọn wo ló ń da pàǹtí yẹn gan-an, ṣé àwọn òyìnbó ni?

Ọ̀rọ̀ tó máa ń dìjà nìyí. Ní 2021 tí Kòrónà ti ibodè pa, àlejò òkè òkun tó wọ Bali lódindi ọdún ò tó 100, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọgọ́rùn-ún, mi ò sọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Síbẹ̀, nínú oṣù kìíní ọdún yẹn náà, wọ́n kó tó tọ́ọ̀nù 30 lọ́jọ́ kan péré kúrò létí òkun Kuta àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ní òyìnbó nìkan ló fà á, irọ́ ni.

Àmọ́ ẹni tó bá ní àwọn ará ibẹ̀ ló jẹ́ ọ̀bùn, òun náà ò mọ nǹkan tó ń sọ. Láyé àtijọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń dì oúnjẹ, wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ju ewé sẹ́yìnkùlé, ẹran á jẹ ẹ́ tàbí kó jẹrà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ẹléwé àti ẹ̀kọ. Ọ̀rá wá dé, ọwọ́ tó ń ju ewé náà ló ń ju ọ̀rá, ọ̀rá ò sì jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó máa wá kó o ò dé ọ̀pọ̀ abúlé. Ẹni tí ọkọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ohun méjì ló kù fún un, kó jù ú sódò tàbí kó tiná bọ̀ ọ́. Iná yẹn ẹ máa gbóòórùn ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ní Canggu àti Ubud, kódà nínú ilé tẹ́ ẹ san owó gọbọi fún.

Tiwa àlejò wá ni pé a ń fi kún un lórí ohun tí ò tíì lójútùú tẹ́lẹ̀. Omi ìgò lójoojúmọ́, take-away, ọṣẹ kékeré hòtẹ́ẹ̀lì, aṣọ ìnura tí wọ́n ń fọ̀ lójúmọ́ nítorí ẹni kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kó ní gúúsù, Suwung ni wọ́n ń kó o lọ, ààtàn ńlá kan tó ti wà láti 1984 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denpasar, olú ìlú Bali, ó ti ga bí òkè, etí omi ló sì wà, ẹ̀gbẹ́ igbó ẹ̀gbà. Ní oṣù kẹwàá 2023 ó gbiná, èéfín ẹ̀ bo àdúgbò mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ ló fa èéfín yẹn símú, àwa tá a mu omi ìgò ti wọ bàálù lọ ilé.

Ìjọba ò wá ṣe nǹkan kan ni?

Wọ́n ṣe. Láti 2019 ni òfin ti fòfin de ọ̀rá ìrajà, sítírọ́ọ̀ rọ́bà àti sítáírofóòmù ní Bali. Nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, ó múlẹ̀, wọn ò ní fún yín lọ́rá, ẹ mú àpò yín dání. Lọ́jà, ìyá aláta á ti dì í sínú ọ̀rá fún yín kẹ́ ẹ tó yanu. Àwọn aládàáni náà ń gbìyànjú, àwọn kan tó ń jẹ́ Sungai Watch bẹ̀rẹ̀ ní 2020, wọ́n máa ń na nǹkan tó ń léfòó dábùú odò kó lè dá pàǹtí dúró kó tó dé òkun, wọ́n á wá kó o, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á kọ orúkọ kọ́ńpìnì tó ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ yìí ni mo gbádùn jù, torí wọ́n ti di ẹ̀bi ru aráàlú jù, ẹni tó ń rọ ọṣẹ sínú ọ̀rá tí ò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì ń wò wá lókèèrè.

Ìgbà wo ló wá dáa jù láti lọ?

Oṣù kẹrin sí ìkẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Nínú ẹ̀, mo fẹ́ràn oṣù karùn-ún àti ìkẹsàn-án. Oṣù keje àti ìkẹjọ, òkun mọ́ ṣùgbọ́n èrò pọ̀ bí eṣú, owó hòtẹ́ẹ̀lì á ròkè, ọ̀nà Canggu á dí pa. Kérésìmesì sí Ọdún Tuntun ni ọ̀pọ̀ yín fẹ́ lọ torí ìsinmi, ìgbà yẹn gan-an ni òjò àti pàǹtí ń pàdé. Tó bá jẹ́ pé ìgbà yẹn nìkan lẹ lè lọ, ẹ má gbé ní Kuta, ẹ gba Sanur, Nusa Dua tàbí Amed, ìlà oòrùn ni wọ́n kọjú sí, pàǹtí ìgbà òjò kì í sábà pọ̀ lọ́dọ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé èèyàn lè wẹ̀ nínú òkun yẹn láìkó àìsàn?

Lẹ́ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ dúró ọjọ́ kan tàbí méjì, pàápàá níbi tí odò ti ń ya wọ òkun, torí kì í ṣe rọ́bà nìkan ni odò ń gbé bọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àti hòtẹ́ẹ̀lì, sọkawéè ni wọ́n ń lò, ẹ̀yin náà mọ ohun tí òjò ń fi sọkawéè ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì, etí dídùn àti ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n máa ń kó lásìkò òjò. Ọ̀nà kan tí ò nílò ìwé ni pé kẹ́ ẹ wo àwọ̀ omi: tó bá ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀, tí ìfóófòó ẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó pa, ẹ jókòó sórí iyanrìn kẹ́ ẹ mu àgbọn yín.

Omi ẹ̀rọ ńkọ́, ṣé ó ṣeé mu?

Kò ṣeé mu. Ẹ má fi bọ ẹnu rárá. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn máa ra omi ìgò kékeré mẹ́fà lójúmọ́. Gálọ́ọ̀nù ńlá tó gba lítà 19 ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò, wọ́n á dá òfìfo ẹ̀ padà, wọ́n á gba kíkún, ọ̀pọ̀ ilé àlejò ló ní in, ẹ mú ìgò tiyín dání kẹ́ ẹ máa bu níbẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ omi gan-an le ju ti rọ́bà lọ lójú tèmi, kò kàn ṣeé yà ní fídíò ni. Ìṣirò tí wọ́n máa ń pè jù ni pé ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún omi Bali ni iṣẹ́ ìgbafẹ́ ń lò. Villa kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú adágún ìwẹ̀ tiẹ̀ àti bọ́hòlù tiẹ̀, kànga àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gbẹ, ti àwọn míì ní gúúsù ti ń níyọ̀ torí omi òkun ń wọlé lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní subak, ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn àgbẹ̀ á pàdé ní tẹ́ńpìlì omi, wọ́n á fẹnu kò lórí oko ìrẹsì tí omi máa kọ́kọ́ dé àti èyí tó máa tẹ̀ lé e. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2012. Oko ìrẹsì tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ya fọ́tò níwájú ẹ̀ ní Jatiluwih, subak yìí ló mú un dúró, tí omi bá sì ń lọ sí adágún hòtẹ́ẹ̀lì, àgbẹ̀ á ta oko ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ villa míì, ta ni kó wá bá a wí?

Físà ńkọ́?

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ò lè gba físà ní ẹ́pọ́ọ̀tù wọn, ẹ ní láti ṣe é kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ọ̀dọ̀ ẹ́ńbásì Indonéṣíà ní Abuja ni kẹ́ ẹ ti béèrè, ẹ má fowó fún ajẹ́ntì tó ń ṣèlérí lórí WhatsApp. Àwọn tó ní ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó tàbí Amẹ́ríkà lè gbà á lórí ìdúró, ọjọ́ 30, 500,000 rupiah, owó Indonéṣíà. Kí n tún fi eléyìí kún un, ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ní oṣù kẹrin 2015 wọ́n yìnbọn pa èèyàn mẹ́jọ lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ní Indonéṣíà, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Wọ́n ní owó kan wà tí àlejò ń san, ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀?

Òótọ́ ni, kì í ṣe gbájúẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì 2024, àlejò láti òkè òkun ń san 150,000 rupiah lẹ́ẹ̀kan fún ìrìn àjò kan, wọ́n ní fún àṣà àti àyíká ni. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba wọn ni kẹ́ ẹ ti san án, Love Bali lorúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n bá fún yín sórí fóònù.

Mùsùlùmí ni mí, ṣé màá rí oúnjẹ jẹ? Mo gbọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ.

Wọ́n ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lóòótọ́, babi guling ni wọ́n ń pè é, odindi ẹlẹ́dẹ̀ sísun, òun ló gbajúmọ̀ jù. Ẹ ṣọ́ra fún lawar náà, ẹ̀fọ́ àti ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pò pọ̀, torí wọ́n máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sí i nígbà míì. Ṣùgbọ́n àwọn ará Java àti Padang, ìlú kan ní erékùṣù Sumatra, pọ̀ níbẹ̀, bùkátérìà wọn, ìyẹn warung, ni kẹ́ ẹ wá, ẹ wo ibi tí wọ́n bá kọ «halal» tàbí «warung muslim» sí, nasi campur wọn, ìrẹsì pẹ̀lú oríṣiríṣi ọbẹ̀ lórí àwo kan, ẹ ò ní fẹ́ dìde. Ata wọn, sambal, ta tó ti àwa Yorùbá. Àwọn warung kan ṣì ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ àwo, ẹ lọ náwó fún àwọn yẹn dáadáa.

Ṣé kí n háyà ọ̀kadà?

Tẹ́ ò bá gùn ún nílé, ẹ má lọ kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ ní láti ní láísẹ́ǹsì tó kàn ọ̀kadà àti akoto, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọlọ́pàá á dá yín dúró, tí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, inṣúránsì ò ní sanwó.

Kí ni àwọn nǹkan kékeré tó wà nílẹ̀ káàkiri yẹn, ewé tí wọ́n tó òdòdó sí?

Canang sari. Ìpèsè ni, àárọ̀ ni àwọn obìnrin máa ń gbé e sílẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, oríta, ẹnu ọ̀nà, kódà lórí ọ̀kadà, òdòdó aláwọ̀ oríṣiríṣi nínú abọ́ tí wọ́n fi imọ̀ hun, ìgbà míì ẹ máa rí bísíkíìtì tàbí sìgá kan lórí ẹ̀, tùràrí á máa rú. Ẹ yà fún un. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ kò sẹ́ni tó máa lù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹsẹ̀ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ torí pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò. Tẹ́ńpìlì, ẹ ró sarong, ẹ bo èjìká. Ẹ má gun igi tàbí òkúta tí wọ́n ta aṣọ mọ́, wọ́n ti lé obìnrin òyìnbó kan padà sí ìlú ẹ̀ ní 2022 torí ó lọ ya fọ́tò ìhòòhò níbi igi mímọ́ kan ní Tabanan.

Nusa Penida ńkọ́, gbogbo èèyàn ló ń gbé fọ́tò ẹ̀.

Erékùṣù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bali ni, ọkọ̀ ojú omi láti Sanur á gbé yín débẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, inú ọkọ̀ àti orí ìlà ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ni ọjọ́ á ti lọ. Ibẹ̀ náà ni Manta Point wà, níbi tí òmùwẹ̀ ará Bìrìtìkó kan ti ya fídíò ní 2018, ó ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín ọ̀rá bí ẹni wà nínú ọbẹ̀, ẹja manta kan ń kọjá níwájú ẹ̀, ẹja tó jẹ́ pé ṣe ló máa ń yanu gba omi wọlé kó tó sẹ́ oúnjẹ nínú ẹ̀. Ọjọ́ kejì ó padà lọ, ọ̀rá ti bá omi lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ẹja, mo máa ní kẹ́ ẹ lọ Pemuteran ní àríwá, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ti ń ri irin sínú òkun láti 2000, wọ́n ń fi iná mànàmáná díẹ̀ sí i kí iyùn lè hù lára ẹ̀, ó sì hù, ẹja padà wá.

Mo fẹ́ lọ nínú oṣù kẹta, kí ni Nyepi tí wọ́n ní kí n ṣọ́ra fún?

Ọjọ́ kan tí gbogbo Bali máa ń dákẹ́. Ẹ́pọ́ọ̀tù á tì fún wákàtí 24, kò síná, kò sọ́kọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde, àlejò náà á wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀ṣọ́ pecalang á máa yí kiri. Dátì ẹ̀ ń yí lọ́dọọdún, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kí bàálù yín má lọ bọ́ sọ́jọ́ yẹn. Alẹ́ tó ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ogoh-ogoh jáde, ère iwin gìrìwò tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi oṣù mélòó kan ṣe. Sítáírofóòmù ni ọ̀pọ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, ọparun àti bébà ti ń padà gbapò ẹ̀, mo sì rò pé ère náà dára sí i. Ẹ dìídì lọ wò ó.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, ṣé kò ní dáa ká kúkú má lọ?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ Bali kan bí 2020 àti 2021 ṣe rí. Àwọn míì padà sóko, àwọn míì padà sí iṣẹ́ ewéko òkun tí bàbá wọn ń ṣe, ọ̀pọ̀ ta ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà kó tún rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Nínú oṣù kẹsàn-án 2025, àgbàrá òjò ya wọ Denpasar, èèyàn tó lé ní mẹ́wàá kú, ẹ̀yìn ẹ̀ ni gómìnà Wayan Koster sọ pé àwọn ò ní fọwọ́ sí kíkọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tuntun sórí ilẹ̀ oko mọ́. Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn á dúró, a máa rí i.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ lọ, ẹ kàn má sáré. Ọ̀sẹ̀ kan ní abúlé bíi Sidemen tàbí Munduk, nílé onílé, tẹ́ ẹ ń jẹun ní warung ìyá àdúgbò, sàn ju ọjọ́ mẹ́rin tẹ́ ẹ fi ń sáré láti Canggu dé Uluwatu lọ, owó yín á sì kan ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn: ṣé mo lè bá wọn ṣa pàǹtí? Àbí wọ́n á ní mò ń ṣe àṣejù?

Ẹ lè bá wọn ṣa, inú wọn á dùn. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló máa ń ṣa etí òkun láàárọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì yín á mọ èyí tó sún mọ́ wọn, wọ́n á fún yín ní àpò. Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, ẹ mú ìbọ̀wọ́ dání, torí ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ máa ń wà nínú ẹ̀, ẹ sì lọ kí oòrùn tó mú, aago mẹ́fà sí mẹ́jọ.